Jíìpù tí Mo Gbé Ga, Ẹ̀bi tí Mo Gbé Ka Abọ́lá Lórí

                                                  Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òpópónà Àjàní,
                                                  Òkòkòmáíkò, Ọ̀jọ́,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 1991.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Àyàndélé,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni Ìyá wà? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àbígbẹ̀yìn yín tí o ní ó ń pe gbogbo àgbàlagbà àdúgbò lórúkọ, ṣé ó ti ń gbọ́n sí i, àbí ẹ ṣì ń sá fún un níta? Ẹ kú ìkórè o. Mo gbọ́ pé iṣu ta dáadáa ní Ìsẹ́yìn lọ́dún yìí, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Ní tiwa níbí, ara le, a dúpẹ́. Ọláwùmí ìyàwó mi kí ọ púpọ̀. Èmi tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gan-an ni kì í kí mọ́, wàá sì mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka lẹ́tà yìí tán.

O ó rí i pé ìkíni mi gùn lónìí. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ fà á gùn ni, nítorí n kò fẹ́ tètè dé ìdí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé ni mo ti ń mú bírò, tí mo tún ń gbé e sílẹ̀. Ojú ń tì mí, Àyàndélé. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí màá fi sọ ọ́.

Lẹ́tà náà àti iṣu méje tí o fi rán dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Ìsẹ́yìn dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. O ní kí n má bínú sí Abọ́lá àbúrò rẹ, pé ọmọdé ló ń ṣe é. O tọrọ àforíjì lórúkọ gbogbo ilé yín nítorí ìtìjú tí o ní ó kó bá mi nínú ọgbà mẹkáníìkì wa. O ní o ti gba àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, o sì ti mú un lọ sóko. O tún kọ ọ́ pé àwọn ará ilé Yétúndé, ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, ti ń fà sẹ́yìn, pé àwọn kò lè fi ọmọ fún ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ mú kí ẹlòmíràn kán lẹ́sẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì jẹ iṣu náà. Márùn-ún ni mo jẹ nínú méje kí òtítọ́ tó lè jáde lẹ́nu mi.

Òtítọ́ ọ̀hún nìyí: Abọ́lá kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, Alàgbà Oyèkànmí gbé jíìpù wọn wá bá mi. Ẹ́sítéètì Ìbà ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni wọ́n ń ṣe, jíìpù náà ló sì ń gbé wọn wọ gbogbo igbó àti ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ìbà lọ́hùn-ún. Lándírófà àtijọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n sípíríǹgì iwájú rẹ̀ ti rọ̀, imú ọkọ̀ ti wọlẹ̀, bó bá sì ti bọ́ sí kòtò, ikùn rẹ̀ á máa gbá kùkùté. Alàgbà ní kí n bá àwọn gbé iwájú rẹ̀ ga, kí n fi sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, kí ó lè máa gba orí kùkùté kọjá.

O mọ bí mo ṣe máa ń wú bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí a ti jọ ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá wa ní Múṣín lo ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ti yìn mí, mo lè tú ọkọ̀ tí kò bàjẹ́. Mo rí sípíríǹgì tó nípọn yọ lára lọ́rí akóyanrìn kan, mo fi irin pẹlẹbẹ méjì kún un. Mo yọ ìdè tó so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀, mo fi èyí tó gùn rọ́pò rẹ̀, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì tó gùn tì í lẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo parí, iwájú jíìpù náà ga débi pé àwọn ará ọgbà fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá ń wò ó. Alàgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, "Bọ́lájí, o tú mọ́ọ̀ṣì jàre, kò sí irú rẹ!" Mo rò pé mo ga tó jíìpù náà.

Òfin kan wà nínú ọgbà wa tí kò sí nígbà tiwa ní Múṣín. Ẹni tó ń ṣe sípíríǹgì kì í fọwọ́ kan bíréèkì, oníbíréèkì náà kì í fọwọ́ kan sípíríǹgì, kí ẹnì kan má baà gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnì kejì. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a bá gbé ga kò gbọdọ̀ jáde títí oníbíréèkì yóò fi wò ó. Láti ìgbà tí Abọ́lá sì ti gba fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, òun ni oníbíréèkì wa.

Ó wò ó, ọ̀rẹ́ mi. Èyí ló burú jù níbẹ̀. Jíìpù náà ṣì wà lórí jáàkì, táyà iwájú rọ̀ dirodiro, nígbà tí Abọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì rí róbà tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà lọ sí ẹsẹ̀ táyà. Róbà àtijọ́ ni mo fi sílẹ̀ síbẹ̀. Bí mo ṣe gbé ọkọ̀ ga, ọ̀nà ti jìn fún un, ó na tantan bí okùn ewúrẹ́ tó ń du èèpo iṣu ilé kejì. Abọ́lá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wéètì díẹ̀. Róbà yìí ti ṣọ́ọ̀tì jù. Ẹ jẹ́ n sáré dé Ìyànà Ìbà, mo máa rí èyí tó gùn rà."

Níwájú Alàgbà ló ti sọ ọ́, níwájú gbogbo àwọn tó ń yìn mí. Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé òun ni yóò wá kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má bínú, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ jíìpù kalẹ̀, mo fún Alàgbà ní kọ́kọ́rọ́. Bí táyà ṣe kanlẹ̀ báyìí, róbà náà dẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Àlàó, dẹ́rẹ́bà Alàgbà, ń bọ̀ láti inú igbó. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Táyà iwájú kan bọ́ sí kòtò, ó rọ̀ sísàlẹ̀, róbà náà já. Nígbà tó dé ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lásán. Jíìpù náà lọ kọlu igi àgbọn, Àlàó sì kán lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Wọ́n pe ìpàdé ọgbà. Alága bèèrè ẹni tó wo bíréèkì kí ọkọ̀ tó jáde. Èmi ló yẹ kí n dìde, mo sì dìde lóòótọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé mo pe Abọ́lá, pé ó sọ fún mi pé òun ti wò ó, pé kò sí nǹkan tó ṣe é. N kò ronú irọ́ náà láti ilé. Mo kàn rí ojú Alàgbà ni, mo sì ń gbọ́ irọ́ lẹ́nu ara mi.

Àwọn tó gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ gbà pé àwọn bá mi rẹ́rìn-ín, gbogbo ojú sì yí sí Abọ́lá. Ó wò mí. Kò wò mí bí ẹni tí inú ń bí. Ó wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀, bóyá ó ku ohun tí mo gbàgbé. Nígbà tí n kò sọ nǹkan mìíràn, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, "Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò lọ́rọ̀ kankan láti sọ."

Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ yín. Ìyá kò kọ́ ẹnì kankan nínú yín láti wo ojú àgbà láwùjọ kí ó sọ pé irọ́ ni àgbà ń pa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń pa á, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún mi láti pa. Àwọn ará ọgbà gbà pé ẹni tí kò jà fún ara rẹ̀ ti jẹ̀bi. Wọ́n ní kí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà fún ọdún kan gbáko. Wọ́n sì tún ń wá bá mi kẹ́dùn! Wọ́n ní mo ní sùúrù, pé mo gbìyànjú lórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń dá wọn lóhùn pé kò burú, pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà ọjà, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi wọ́ orí ọmọ. Ìwọ lo sì fi í lé mi lọ́wọ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé Èkó, o ní kí n máa wò ó bí àbúrò tèmi.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, Ọláwùmí ló kà á sókè fún mi, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n. Mo ní òótọ́ ni. Ọjọ́ tó se iṣu karùn-ún ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo abọ́ tó wà níwájú mi, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wá ń jẹ́ kí n máa se iṣu yìí fún yín?" Ó kó méjì tó kù fún aládùúgbò. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ mi, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ ju ohun tó pọn dandan lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Àlàó nílé. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ yẹn wá bá mi ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń ra ọsàn wá, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mo tiẹ̀ lé e jáde lẹ́ẹ̀kan." Ó wá gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ò wá rárá." Òótọ́ ni. N kò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Ọjọ́bọ̀ ìjẹta, mo dìde nínú ìpàdé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ohùn mi kò jáde dáadáa. Alága ní kí n tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Mo tún un sọ. Kò sí ẹni tó bú mi, bẹ́ẹ̀ ni ì bá tù mí lára bí wọ́n bá bú mi. Alàgbà Oyèkànmí kàn mi orí, wọ́n ní ọmọ náà sọ ọ́ lójú àwọn, pé àwọn náà bá mi rẹ́rìn-ín. Ọdún kan tí wọ́n fún Abọ́lá, èmi ni wọ́n gbé e fún báyìí. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní ọjọ́ tó bá wu Abọ́lá ni kí ó padà wá, ààyè rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí ọ nìyí. Dá àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ padà fún un lónìí, má dúró dè mí. Mú lẹ́tà yìí lọ sílé àwọn Yétúndé, kí o kà á fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Kà á fún Ìyá náà. Má fo ibì kankan, àní ibi tí mo ti ń jẹ iṣu.

Èmi fúnra mi ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. N kò kọ̀wé láti sọ pé kí o dárí jì mí, ìyẹn dọwọ́ rẹ, n kò sì ní bínú bí o bá kọ̀. Abọ́lá ni mo ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún, níwájú Ìyá, ní gbangba. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ dì mí mú, ẹ ó ní kò bójú mu kí ẹni ọdún méjìlélógójì na ara sílẹ̀ fún ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.

Bá mi kí Ìyá, kí o bá mi kí ìyàwó rẹ. Bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Bí mo bá dé Ìsẹ́yìn, tí mo kí Abọ́lá tí kò dá mi lóhùn, Àyàndélé, má bá a wí. Má rán an létí pé àgbà ni mí.

                                                  Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀,
                                                  Bọ́lájí Ògúnlànà.