Ìṣó Mẹ́rìnlélógún Lára Fèrèsé Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mi ò fọ́ fèrèsé kankan o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí n tó kí yín, torí ẹni tó tẹ̀ yín láago pé mo bínú fọ́ fèrèsé ilé ìwòsàn, pé ọlọ́pàá sì ti kó mi, irọ́ ló pa. Ìṣó ni mo yọ, mẹ́rìnlélógún géérégé, mo kó wọn sínú agolo, mo sì gbé e fún nọ́ọ̀sì àgbà. Ó yá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ìlú ńlá. Ṣé ara ń le? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.

Ẹ ní kí n lọ bẹ nọ́ọ̀sì, kí n sì kan ìṣó náà padà. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní kàn án. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Látìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, ni nọ́ọ̀sì àgbà, tí a ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án, ti ní kí wọ́n kan fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa, kí òtútù má baà sá jáde. Ogójì èèyàn á há síbẹ̀, ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tó ń sín, ìyá ọlọ́mọ tuntun, wọ́n á jọ máa mí èémí kan náà bí ẹni ń fi ife kan ṣoṣo mumi. Ìyá wa náà ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo ń tún àwọn àga wọn kàn nígbà tí wòléwòlé tuntun gbé ẹ̀rọ kan dé, kò ju páálí ìṣáná lọ. Ó ní nọ́ńbà ojú rẹ̀ ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe rí, kí n bá òun máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé máàkì ni! Lọ́jọ́ kìíní, a gba ẹgbẹ̀rún méjì. Mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí àwọn tó wà níta wọlé, kí gbogbo wọn fún mọ́ra. Ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo gbé e dé abẹ́ igi níta tó mú irinwó péré, àánú igi náà ṣe mí.

Tìyangàn-tìyangàn ni mo fi ìwé náà han wòléwòlé. Ó dorí mú. Ó ní èémí tí èèyàn ti lò tán ni ẹ̀rọ náà ń kà, pé tó bá ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan, ó yẹ ká ti ṣí fèrèsé, àti pé ẹ̀rọ amúlétutù yẹn kò mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, èyí tó wà nílé náà ló ń yí po. Ìyá wa wà láàárín àwọn tí mo ní kí wọ́n fún mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló gbé ikọ́ wálé, kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.

Mo lọ bá Má-fọwọ́-kàn-án. Ó ní ṣé káfíńtà ló fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Mo ní rárá o, fèrèsé ni iṣẹ́ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló lé mi. Lọ́jọ́ Ajé, mo mú ẹ̀mú, mo yọ ìṣó náà lójú gbogbo èèyàn. Ó ní bí n kò bá kàn án padà, òun kò ní dá Ìyá wa lóhùn mọ́.

Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, sínú yàrá yẹn gan-an. Mo ń ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi: aránṣọ, ìyá ọlọ́mọ tuntun, ọ̀rẹ́ mi oníkẹ̀kẹ́. Bí nọ́ọ̀sì ṣe wo aránṣọ báyìí, aránṣọ rántí pé òun gbé áyọ́ọ̀nù sórí iná, ó sì sá jáde. Mo ṣíwọ́ kíkà. Mo ní kí wọ́n pa fèrèsé dé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, mo gbé ẹ̀rọ wòléwòlé síwájú alága, mo jókòó. Alága ní kí n sọ tẹnu mi, mo ní ẹ̀rọ ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi pé wákàtí kan, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, akọ̀wé ti sùn lọ, alága ń tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, ìwọ káfíńtà olórí kunkun yìí, dìde ṣí fèrèsé kó o tó pa wá. Má-fọwọ́-kàn-án ní òtútù á jáde o. Alága ní kí òtútù máa lọ ire.

Wọ́n ti ní kí Ìyá wa máa bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé kí oṣù yìí tó parí, nítorí olè àti ẹ̀fọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tún kàn án pa. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó irin ránṣẹ́. Ẹ má fi gba inú fóònù o, ojú fóònù mi ti sán, mi ò fẹ́ kó jò dànù lójú ọ̀nà.

Ẹ ní orí ń fọ́ yín lọ́sàn-án ní ọ́fíìsì, pé gíláàsì ni gbogbo ara ilé náà, kò sí èyí tó ń ṣí. Ṣé ẹja ni wọ́n rò pé àwọn ń sìn ni? Ẹ bi ọ̀gá yín. Bó bá lé yín, ẹ tún padà lọ bi í.

Èémí yín kò ní kúrú. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ kò ní wọ́n yín nílé, kò ní wọ́n yín lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá wa jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní bí ẹ bá béèrè ikọ́ náà, kí n sọ pé ó ti lọ. Kò tíì lọ. Ẹ tètè ránṣẹ́.

Èmi ni àbúrò yín,
Káfíńtà.