Bí Àyè Bá Yọ, Ẹ Bá Wa Wò Ó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí. Kì í ṣe èèyàn o. Ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nílé ìwòsàn yìí — iná, omi, ilẹ̀kùn — kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Akọ̀wé á kà á, á pín in sọ́nà mẹ́ta: Kíákíá, Lónìí, Kò Kánjú. Á sì yan ẹni tó máa lọ tún un ṣe nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Fóònù tí wọ́n fi ń pè wá fún àtúnṣe, tó ti ń han mọ́ mi létí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ wá dákẹ́. Mo mu tíì mi nígbà tó ṣì gbóná. Ọ̀gá ní bí kò bá sí wàhálà títí di Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn á gé fóònù náà pátápátá. Mo ní kí ló ń dá wọn dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àbúrò mi bímọ láàárọ̀ yìí. Oṣù ọmọ náà kò pé. Obìnrin ni. Ó kéré débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti wò ó. Wọ́n gbé e sínú àpótí amóoru, ní yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, lókè pátápátá ilé ìwòsàn wa níbí. Kíún ni mo ń pè é, kó tó gba orúkọ gidi.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó yàrá náà, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ooru nìkan ni oúnjẹ ọmọ yìí báyìí, kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo ni mo fẹ́ fi balẹ̀?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Akáúńtáǹtì kọ̀wé: "KÍÁKÍÁ! ÀGA MI Ń DÚN!" Akọ̀wé ti rán káfíńtà sí i kí n tó rẹ́rìn-ín tán. Mo sọ fún Wáyà — oníná wa nìyẹn — pé ẹ̀rọ yìí gbọ́ ọ̀rọ̀ ju òun lọ. Ó ní òun ò jowú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kíún lajú. Mo sunkún ní kọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje



Mo gòkè lọ wo Kíún lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù. Màmá ti fi ìborùn ara wọn bo àpótí náà. Mo béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní iná ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn ti kọ̀wé sí wa, kí n má ṣèyọnu, àwọn mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀.

Wọ́n ti kọ̀wé sí wa kẹ̀? Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Mo wo Kíákíá, kò sí níbẹ̀. Mo wo Lónìí, kò sí. Ìsàlẹ̀ pátápátá Kò Kánjú ni mo ti rí i, lábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ nípa kọ́tìnnì tó ya:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ kú làálàá. A mọ̀ pé ọwọ́ yín ò dilẹ̀. Bí àyè bá yọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn àpótí àwọn ọmọ. Ẹ ṣeun, àárẹ̀ ò ní mú yín."

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n tún kọ òmíràn, ìkíni ibẹ̀ tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ — ẹ má bínú pé a tún dé. Akọ̀wé ní ọ̀kan náà ni, ó pa méjèèjì pọ̀.

Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni. Èmi ni mo ní bó bá rí "bí àyè bá yọ," kó jù ú sísàlẹ̀. Èmi tí wọ́n fi ìkíni tọ́ dàgbà. Ṣé mi ò mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe le tó ni àgbà ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ tó?

Wáyà tú ògiri. Gbogbo wáyà inú ẹ̀ ti dúdú. "Àǹtí, ó kù díẹ̀ kó gbiná." Kó lè ṣe é, ó ní láti paná yàrá náà. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ sí àyà. Àbúrò mi gbé tiẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń wo ikùn ọmọ náà bóyá ó ń lọ sókè. Ó ń lọ. Ó dúró. Ó tún lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Iná dúró. Kíún móoru. Mo sùn bí òkú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ọ̀gá fún Màmá ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ: kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ pé ó kánjú. Inú bí mi. Mo wọlé tọ Ọ̀gá, mo ní èmi ni kí wọ́n bi, torí èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó ń kí i, kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri kó tó di ọ̀sán: "Ẹ má kí ẹ̀rọ. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ àti ibi tó wà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Gbogbo ayé ti kọ́gbọ́n. Ọṣẹ tán — kíákíá. Férémù fọ́tò wọ́ — kíákíá. Kò Kánjú ṣófo bí ilé àgàn. Wáyà ní, "Àǹtí, bí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ kíákíá, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n má tíì gé fóònù. Wọ́n ní Ẹtì ò yẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i. Ó ṣeé ṣe kí n ti fi ẹnu mi gé iṣẹ́ mi. Kó gé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé látọ̀dọ̀ Màmá. "Gílóòbù. Yàrá ọmọ. Kíákíá." Kò sí ẹ kú iṣẹ́. Mi ò ka gílóòbù rárá. Yàrá ọmọ nìkan ni mo rí. Mo sáré gun àtẹ̀gùn, mo já wọlé, mo wo Kíún — ó ń sùn. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà ló jó.

Àbúrò mi rọra sọ ọ́ sí mi létí pé mi ò kí Màmá.

Ojú tì mí. Mo jáde, mo tún wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n kí mi padà. Wọ́n béèrè ọkọ mi, wọ́n béèrè orúnkún tó ń dun ìyá wa. Mo dáhùn gbogbo ẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí àyè bá yọ, ẹ bá wa fọwọ́ kan ògiri apá ibí yìí. Ó dà bíi pé òun náà ti ń gbóná."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò kọ ìyẹn. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń rí gílóòbù. Ògiri tó ń gbóná, àwọn Ọ̀gá á ní torí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ọjọ́sí ni àwọn ṣe ń wá ẹ̀sùn.

Mo fọwọ́ kàn án. Mo yára fà á padà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àpótí Kíún wà báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e sí lẹ́yìn àtúnṣe. Mo ní kí àbúrò mi gbé ọmọ ẹ̀. Kò bi mí nídìí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Wáyà ń tú ògiri. Kíún wà ní àyà ìyá ẹ̀. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń dúró de ìfọwọ́sí mi tọ̀la. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lókè, kí wọ́n wá fọwọ́ kan ògiri ná.