Lyle Ni Ẹni Karùn-ún

Kendra ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Omaha ò fìyà jẹ ọ́ jù? Ọlọ́run tó ń rọ òjò sórí àgbàdo mi yóò rọ ire lé ọ lórí, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní jìn mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Darlene tó ń pín lẹ́tà ló ń bá mi kọ èyí, torí bàbá mi ò fi mí sílé ìwé, oko àgbàdo ló fi mí sí. Màlúù pupa ti bímọ. Òrùlé abà ṣì ń jò.

Ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín dé. Darlene kà á fún mi níwájú ilé. Wọ́n ní owó tí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù rẹ ń ná ti pọ̀ jù, bí ọmọ tó ń gbá a kò bá pé márùn-ún ní Sátidé, wọn á tú ẹgbẹ́ ká, iṣẹ́ kóòṣì rẹ á sì lọ. Ó wá ka orúkọ àwọn ọmọ náà, mẹ́rin tí n ò mọ̀ rí, ẹni karùn-ún sì ni Lyle ẹ̀gbọ́n rẹ. Darlene tún un kà. Ó ní Bàbá Lyle, ṣebí ọmọ tí àgbàdo inú àká bò mọ́lẹ̀ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn nìyẹn, tí gbogbo wa jọ sin? Ó ní ńṣe ni Kendra fi orúkọ òkú dí àlàfo. Mo ní kó panu mọ́, àbí ó fẹ́ mọ ọmọ mi jù mí lọ ni? Ilé ìwé ńlá kì í tẹ irọ́ jáde.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ọ́fíìsì yín pè mí lórí fóònù. Ó ní bí Lyle bá ṣì ń gbá gọ́ọ̀fù, kí n tẹ oókan lára fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kí i, mo bi í pé ìyá tirẹ̀ ńkọ́, ó kàn dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ará ìlú ńlá ò mọ̀ ọ́n kí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn ni mo rí bọ́ọ̀lù kìíní. Ṣé o rántí àwọn agolo kọfí tí Lyle rì mọ́lẹ̀ ní pápá màlúù, tó fi ṣe ihò gọ́ọ̀fù? Inú agolo tó wà lẹ́bàá abà ló wà, pẹ̀lú àmì ọ̀dà pupa méjì tó máa ń fi sára tirẹ̀ kí ti ẹlòmíràn má baà dà pọ̀ mọ́ ọn. Àmì náà ò tíì gbẹ, ó ràn mọ́ mi níka. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni mò ń rí ọ̀kan, láti agolo kan dé èkejì, ó ń sún mọ́ títì. Àwọn màlúù ò jẹko níbẹ̀ mọ́.

Darlene ní nínú gọ́ọ̀fù yín, márùn-ún ló ń gbá a, èsì ẹni mẹ́rin tó ṣe dáadáa jù ni wọ́n ń kà, wọ́n á da ti ẹni tó kù nù, pé ti Lyle ni wọ́n á dànù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Inú bí mi. Má dà á nù o, Kendra. Ọmọ náà ń múra.

Ogójì dọ́là ni mo fẹ́ tọrọ fún bàtà rẹ̀, torí ojú ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà ni mo ń rí nínú ìrì lẹ́bàá àwọn agolo náà. O mọ̀ pé a ò rí bàtà rẹ̀ yọ nínú àgbàdo nígbà náà. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tóbi sí i, nọ́ńbà mọ́kànlá náà ni. Ṣùgbọ́n má wulẹ̀ fi owó bàtà ránṣẹ́ mọ́, owó àtúnṣe òrùlé abà nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ̀ kò sí lórí ìṣó tí mo gbé e kọ́ sí nínú abà. Ojú ẹsẹ̀ náà ti dé títì, ó kọjú sí ọ̀nà Omaha.

Ra bàtà náà sílẹ̀ dè é. Bó bá kan ilẹ̀kùn, ṣí i fún un, má bi í léèrè nǹkan kan.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ẹ ó pé ní Sátidé.

Èmi ni bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Verlyn