Apẹ̀rẹ̀ Obì fún Ọ̀gá Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Bàámi, ẹ kú ilé o.

Ẹ ní kí n fi Kánò sílẹ̀, kí n wá ṣe tíṣà bíi tiyín nítorí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Ṣé èyí tí ẹ ń lọ fara hàn fún lọ́dọọdún, kí wọ́n má bàa kà yín mọ́ òkú?

Ọ̀gá mi níbí ti fẹ̀yìn tì nínú òwò obì. Àwa tó kọ́ níṣẹ́ là ń gbé apẹ̀rẹ̀ kan fún un nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò jẹ ẹrù tèmi lóṣù yìí. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tó yè, mo gbé e fún un.

Mò ń bá àwọn olóbì yòókù já ẹrù gbowó báyìí, ara mi le. Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní fọ́ọ̀mù tíṣà tí ẹ gbà fún mi yẹn.

Ẹ bá mi kí Màámi àtàwọn ará Ìsarà.

Lásúnkànmí yín