Ẹnu Rẹ̀ Ṣáájú, Ohùn Rẹ̀ Tẹ̀lé E

                                        Jakande Estate,
                                        Ìsọlọ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Bélú, 2025.

Adétóun, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu báyìí? Ẹ kú ọyẹ́ o, bó bá ti dé Abẹ́òkúta yín. Tèmi níbí, ara le, àmọ́ ilé dákẹ́. Látìgbà tí Bàbá Motọ́lání ti kú, tí Motọ́lání sì wà ní Kánádà, tẹlifísàn ni mò ń kí káàárọ̀. Má rẹ́rìn-ín. Ó ń dáhùn ju àwọn ará òkè mi lọ.

Ṣé o rántí fíìmù tí ọkọ mi bá wọn ṣe nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí wọ́n yà tán tí wọn ò rí ohùn gbà sí i? Sirajudeen, ọkùnrin kan tó ń tún fíìmù àtijọ́ ṣe ní Àgọ́ Palace, ti rí i. Ó fẹ́ fi í hàn ní Ire-Akárí, ó sì ti wá òṣèré kan tó máa fi ohùn sí ọkọ mi lẹ́nu. Ó ní kí n wá wò ó ná.

Adétóun, mo rí i, irun kún orí rẹ̀ bámú. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi, ojú wà, ọ̀rọ̀ ò sí. Ní ìparí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí wa, ó sọ nǹkan kan, ó jáde lọ. Nítorí pé oníjà ni ìyàwó tó ní nínú fíìmù náà, wọ́n gbà pé "Mo bọ́" ló wí. Òṣèré yẹn ti ń kọ́ ọ, tayọ̀tayọ̀.

O mọ èdè wa, ètè kì í fi àmì ohùn hàn. Mo sọ fún wọn pé "Mò ń bọ̀" ni. Ètè rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ní pípadé kó tó là. Àbí èmi ni mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ọkùnrin mìíràn fi ẹnu ọkọ mi sọ pé òun bọ́.

Sirajudeen wá ń ṣàlàyé fún mi pé nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nílùú òyìnbó, àwòrán wà lára fíìmù, ohùn wà lára àwo bí àwo orin, wọ́n á máa yí méjèèjì pọ̀. Bí fíìmù bá já, tí wọ́n gé díẹ̀ kúrò kí wọ́n tó so ó, ẹnu àti ohùn ò ní bára wọn mu mọ́, àwọn èèyàn á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo ní bí ilé mi ṣe rí nìyẹn: àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù.

Ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù láti ọsibítù ni mò ń wí. "Ìyá Motọ́lání, mò ń bọ̀," ó sì wúkọ́. Kò padà wá.

Mo fún Sirajudeen ní ohùn náà dípò ti òṣèré. Ó fi ohùn arúgbó sẹ́nu ọ̀dọ́. Ọkọ mi ti panu dé, ó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde, kí ohùn rẹ̀ tó dún.

"Ẹ má wọ̀rí, mà," ni Sirajudeen wí, "màá tún un ṣe kó báramu. Màá yọ ikọ́ yẹn náà."

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Bí ọkọ mi ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn. Á ti sọ̀ kalẹ̀ tán kó tó rántí pé òun ò dágbére, á wá ké e láti ìsàlẹ̀: "Mò ń bọ̀ o!"

Wọ́n fi í hàn ní Sátidé. Nígbà tí ohùn pẹ́ kó tó dé, gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo padà délé, mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn títí, mi ò mọ ohun tí mò ń dúró dè.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kó o sì bá mi kí Ameenat àti ọmọ tuntun rẹ̀. Wá kí mi, Adétóun, má jẹ́ kó pẹ́. Bó o bá dé ìsàlẹ̀, má kàn gòkè wá kanlẹ̀kùn. Dúró síbẹ̀, kó o pè mí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn tó ń bọ̀ lóòótọ́.

Èmi ni tìrẹ, tó ń tẹ́tí,
Ìsíátù