Bàbá Odidi àti Táǹkì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Ṣí

Ní ọdún 1946, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ojú irin, ni a bí Bàbá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Odidi. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, aránṣọ sì ni ìyá wọn. Bàbá káfíńtà kì í gbà kí ayùn yẹ̀ lórí ìlà, ìyá aránṣọ náà kì í gbà kí abẹ́rẹ́ yẹ̀, nítorí náà kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ojú Bàbá mú. Bàbá nìkan lọ́kùnrin láàárín ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn sì kẹ́ wọn débi pé wọn ò mọ bí a ṣe ń gbálẹ̀ títí wọ́n fi gbéyàwó. Ọ̀rọ̀ Màmá nìyẹn o, kì í ṣe tiwa.

Bàbá parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959, wọ́n sì wọṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ilé iṣẹ́ yẹn ló ń tẹ páálí fún àwọn tó ń ta ohun ìṣeré. Ibẹ̀ ni Bàbá ti kọ́kọ́ rí páálí táǹkì ogun: táǹkì kékeré oníke, tí ẹni tó bá rà á á já ẹ̀yà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lára igi ike tí wọ́n so mọ́, á wá fi gọ́ọ̀mù tò ó pọ̀. Ojú Bàbá ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń ra bàtà, Bàbá ń ra táǹkì.

Ní ọdún 1972, wọ́n fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀, wọ́n gba yàrá kan létí òpópónà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: A Ń YẸ TÁǸKÌ ÀTIJỌ́ WÒ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tí táǹkì omi wọn ń jò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ọ̀kan lára wọn ni nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù náà, tó bínú wọlé pé omi ti kún yàrá òun, kí ló dé tí ẹni tó ń yẹ táǹkì wò jókòó sísàlẹ̀ tó ń wo páálí. Bàbá dìde. Wọ́n gbé àkàbà, wọ́n gòkè, wọ́n fi gọ́ọ̀mù táǹkì ogun dí táǹkì omi. Kò dí. Wọ́n tún padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣáà ń lọ, títí omi fi dá, tí nọ́ọ̀sì sì di Màmá wa ní ọdún 1974.

Ẹni tó bá rí Bàbá lẹ́nu iṣẹ́ á mọ̀ pé wọn kì í dédé dá iye lé nǹkan. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé páálí sún mọ́ fèrèsé, kí wọ́n mọ̀ bóyá oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n á mì ín díẹ̀, wọ́n á tẹ́tí, torí ẹ̀yà tó bá ti já kúrò lára igi rẹ̀ á máa dún kiri inú páálí. Tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á fi èékánná tọ́ etí ike wò. Irin tí wọ́n fi ń rọ ike máa ń gbó, bó bá sì gbó, ike á máa yọ létí bí aṣọ tí aránṣọ ò gé dáadáa, ì báà jẹ́ pé páálí tuntun ni wọ́n kó o sí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé gbogbo ohun tó bá ti pẹ́ ló wọ́n. Bàbá á ní, “Èmi náà ti pẹ́ láyé, ta ló fẹ́ rà mí?” Ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀yà bá pé lórí igi wọn, tí gọ́ọ̀mù ò tíì kàn án, tí ọ̀rá ilé iṣẹ́ ò ya, Bàbá á rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n á ní, “Odidi ni.” Ibẹ̀ lorúkọ ti jáde.

Ìkìlọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà. Ẹ̀wọ̀n tí táǹkì fi ń rìn, rọ́bà rírọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é láyé ìgbà yẹn, rọ́bà náà sì máa ń jẹ ike tó bá fara tì pẹ́. Bàbá á ní, “Ẹ ya yàrá wọn sọ́tọ̀. Wọn ò lè gbé pọ̀.”

Nínú ìjọ, Bàbá ò ṣe ju ara wọn lọ. Wọ́n máa ń tún ìwé orin tó ya ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gọ́ọ̀mù wọn ti lẹ ojú ìwé méjì pọ̀ rí, tí ìjọ fi bẹ̀rẹ̀ orin ìdúpẹ́ tí wọ́n sì fi orin ìsìnkú parí rẹ̀. Láàárín àdúgbò, àwọn opó ló mọ rírì wọn jù. Táǹkì tí ọkọ wọn fi sílẹ̀, Bàbá á sọ òótọ́ iye rẹ̀ fún wọn, kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ilé irú opó bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ti rí i ní ọdún 1987, táǹkì kan tí ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, tí irú rẹ̀ ò kọjá lójú wọn rí. Wọ́n rà á, wọ́n gbé e wálé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin, tó ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká tò ó.”

Bàbá ní, “Odidi nìyí, ọmọ mi. Tá a bá ṣí i, iyì rẹ̀ ti lọ. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá yege. Ó yege, wọ́n ní ó di ìgbà tó bá ríṣẹ́. Ó kọ́ṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ṣíṣe, ó ríṣẹ́ sí ìlú míì, ó lọ́kọ. Tó bá wálé, á wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, á wo ojú Bàbá. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Ìgbà tó dákẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ara fu wa, ara ò fu wa. Bẹ́ẹ̀ rèé, ẹni tó mọ iye gbogbo táǹkì yìí ò to ẹyọ kan rí látọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, àìsàn dé, ọwọ́ Bàbá sì ń gbọ̀n. Wọ́n ránṣẹ́ pe àbíkẹ́yìn, wọ́n ní kó gbé páálí náà sọ̀ kalẹ̀, kó ṣí i. Ó fi ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gbẹ́ eyín la ọ̀rá. Bí ilé iṣẹ́ ṣe dì í náà ló ṣe wà, wọ́n wé ẹ̀wọ̀n rọ́bà mọ́ ara táǹkì. Rọ́bà ti jẹ ike wọlé, ihò wà lára rẹ̀ bí eyín tó kẹ̀. Gbogbo ayé ni Bàbá ti kìlọ̀ fún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè ya rọ́bà tiwọn kúrò lára ike, wọ́n gbọ́dọ̀ ya ọ̀rá, odidi ò sì ní jẹ́ odidi mọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Bàbá fi èékánná tọ́ etí ihò náà wò. Wọ́n ní, “Ṣebí wọ́n ní ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Ọmọ wọn ní, “Bàbá mi, ẹ ò fẹ̀sọ̀ mú un. Ẹ ò mú un rárá.”

Bàbá sunkún, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ọmọ náà lọ gbé gọ́ọ̀mù wá. Láti ọjọ́ yẹn, lọ́sàn-án, wọ́n á jọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á di ọwọ́ Bàbá mú kó má baà gbọ̀n, wọ́n á jọ lẹ ẹ̀yà kan, wọ́n á sinmi. Gọ́ọ̀mù kan aṣọ, ó kan bẹ́ẹ̀dì, Màmá pariwo títí ó sú wọn. A ò gbọ́ ẹ̀rín Bàbá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé wa, ó sì dùn wá pé ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ó wá ku ìdérí kékeré tó wà lórí táǹkì. Bàbá ní ó ti rẹ àwọn, ó di ọ̀la.

Ọ̀la yẹn ni Bàbá pa ojú dé, nínú oṣù kẹta.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Bàbá ni Màmá wa nọ́ọ̀sì, àkọ́bí wọn ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, ọmọ kejì wọn obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, àbíkẹ́yìn wọn tó ń ṣe eyín, àwọn ọmọ-ọmọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

Táǹkì náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Bàbá. Ẹ̀yin oníbàárà àtijọ́, a mọ̀ pé ẹnu á máa yún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wa dá iye lé e. Ẹ lè fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé náà fọwọ́ kàn án.

Bàbá Odidi, ẹ sùn un re. Kí ilẹ̀ tẹ́ ẹ sùn sí tù yín lára. Ìdérí yẹn ṣì wà lórí igi rẹ̀. Àbíkẹ́yìn yín ní òun ò ní lẹ̀ ẹ́, kí táǹkì náà wà ní ṣíṣí.