Ife-Ẹ̀yẹ Tí Kò Tẹ̀ Mọ́

Ọjọ́bọ̀, Karama

Ife-ẹ̀yẹ tí mo nù níbi iṣẹ́, ní gbọ̀ngàn eré orí yìnyín, lónìí kì í ṣe èyí tí mo mọ̀.

Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje eré orí yìnyín ti gbogbo UAE, ojú mi ló ṣe: ife bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó gbégbá orókè, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì tẹ̀ wọnú. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbà á tí kì í fi àtàǹpàkò kan ibẹ̀ kó tó ya fọ́tò.

Lónìí, ó ń dán gbinrin, kò tẹ̀ níbì kankan. Mo bi ọ̀gá wa.

"Wọ́n tún un ṣe ni. Khalas, ó ti parí, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

Kò wojú mi. Ta ló tún un ṣe? Kọ́kọ́rọ́ àpótí gíláàsì tí ife ń wà kì í kúrò lọ́wọ́ mi, àfi lọ́jọ́ Ajé tí ọ̀gá ní kí n yá òun.

Bọ̀dá Múfú, tá a jọ ń gbé yàrá, ní, "Àbúrò, ṣé ife bàbá ẹ ni? Visa ẹ ni kó o rò."

Visa náà ni mo ń rò! Tó bá dariwo pé wọ́n ti pààrọ̀ ife, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n máa mú.

Ọmọbìnrin tí ife bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́sí ló ń bọ̀ wá fa ife lé olúborí lọ́wọ́ lọ́la. Èmi ni màá kọ́kọ́ gbé e fún un. Mo ti ń rí àtàǹpàkò ẹ̀ tó ń wá ibi tó tẹ̀.